Yorùbá kọ́ ló ń ba gẹ̀ẹ́sì ọmọ yín jẹ́ o

Ẹ̀yin òbí àtẹ̀yin tíṣà wa n'Ífẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tó bá ń sọ Yorùbá nílé ò ní lè kọ gẹ̀ẹ́sì dáadáa yẹn, irọ́ ni. Ó sì ń dùn mí torí àdúgbò wa níbí gan-an ni wọ́n ti dán an wò.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó di OAU báyìí, lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fún ọdún 6 gbáko, gẹ̀ẹ́sì wá dá dúró bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Àwọn yòókù ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Yorùbá ọdún 3 kí wọ́n tó sọdá sí gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé délẹ̀ ò gbẹ́yìn nínú gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n tún ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ mìíì!

Lóòótọ́ Yorùbá máa ń yọjú nínú gẹ̀ẹ́sì ọmọ, mi ò jiyàn. Á kọ "my mother, he went to market" torí "ó" kan náà la ń lò fọ́kùnrin fóbìnrin. Ẹ jókòó tì í, ẹ fi hàn án, á yé e. Àmọ́ ilé ìwé kan tí mo mọ̀, fáìnì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fánákúlà, làwọn ọmọ bá dákẹ́. Ọmọ tó ti dákẹ́, kí ló fẹ́ kọ?

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni kọ́mpósíṣọ̀n. Tíṣà á kọ "A Day at the Beach" sójú bọ́ọ̀dù, n'Ífẹ̀ tí ò sí òkun, ọmọ tí ò rí òkun rí á da ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kọ síwèé, wọ́n á ní ó ṣe dáadáa. Àdàkọ lásán nìyẹn jàre. Ẹ ní kó sọ nípa ọdún Ọlọ́jọ́ tá a máa ń ṣe n'Ífẹ̀, kó kọ́kọ́ fi Yorùbá rọ́ ọ, ibi tó dúró sí, bí èrò ṣe kún Ẹnuwá níwájú ààfin, bí Ọọ̀ni ṣe jáde tòun ti adé Àrè tí wọn kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, bí ariwo ṣe sọ, kẹ́ ẹ máa bi í pé "lẹ́yìn náà ńkọ́?" títí ìtàn ẹ̀ á fi lórí tó nídìí. Ẹ wá bá a wá ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tó máa lò, crown, crowd, shout, kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ gbólóhùn mẹ́rin péré. Tí sípẹ́lìn bá wọ́, ẹ má fi bírò pupa kun gbogbo ẹ̀, àṣìṣe kan tàbí méjì ni kẹ́ ẹ bá a tún ṣe, ìyókù dọ̀la.

Ẹ̀yin òbí tí gẹ̀ẹ́sì ò dá lójú, ẹ má fipá sọ ọ́ fọ́mọ nílé. Yorùbá tó jinlẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá a sọ, ẹ pàlọ́ fún un, ẹ jẹ́ kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé fún yín. Tó bá wá di ti gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwé tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún ni kẹ́ ẹ lọ bá, kí wọ́n wá tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ ọmọ.