Àtúnṣe: Ọdún tí ìjì ò pọ̀ lè bani nílé jẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ àtúnṣe. Ẹ ní bí ìjì bá ti ṣọ̀wọ́n lórí òkun Àtìláńtíìkì lọ́dún kan, kí àwọn èèyàn wa ní Florida àti Texas fọkàn balẹ̀. Rárá o.

Ẹ wo ọdún 1992. Ìjì mẹ́fà péré ni wọ́n fún lórúkọ, oṣù Kẹjọ sì ti dé ìdajì kí àkọ́kọ́ tó yọjú. Andrew ni. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni afẹ́fẹ́ tó di ìjì náà ti gbéra. Lọ́jọ́ 24 oṣù náà, ó já lu Homestead, ní gúúsù Miami, ó wó ilé tó lé ní 25,000. Ọdún 1983 ńkọ́? Mẹ́rin péré, síbẹ̀ Alicia ba Galveston àti Houston jẹ́.

Òótọ́ ni pé El Niño, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, máa ń dín ìjì Àtìláńtíìkì kù, torí afẹ́fẹ́ òkè á máa fọ́n orí ìjì ká kó tó rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Ẹ gbà á níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n iye ìjì ò sọ ibi tí ẹyọ kan máa já sí. Ẹni tó bá wà ní Houston, kó tètè ra omi àti bátìrì rẹ̀ sílé.