Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ohun Èlò Ìyàwòrán Ta Ilé-Ẹ̀kọ́ Lọ́rẹ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìgbà tí àgbà bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ la sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, pé ṣe fún mi, kí n ṣe fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní àárín ìgboro Ìbàdàn, kí ẹ gbójú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Pẹpẹ inú òwe náà ló sábà máa ń wà lókè yẹn. Kíréyọ̀n wà níbẹ̀, ọ̀dà wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tí wọn kò tíì já ọ̀rá rẹ̀ wà níbẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ti bo gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde níbẹ̀ kó tiwọn wá, àgùnbánirọ̀ kó tiwọn wá, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ìbí náà kó tirẹ̀ wá. Àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn kó o wá wà ní kíláàsì, wọ́n ń fi báírò ya mọ́tò sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò.

Ọ̀pọ̀ á ní ọ̀gá náà ló burú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹrù tó bá ti wọ ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, òun ló máa dáhùn fún un lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò bá dé. Kíréyọ̀n tó wà nínú páálí rọrùn láti kà. Èyí tí àwọn ọmọ ti lò tán ńkọ́, kí ni yóò fi hàn? Ẹni tí kò fẹ́ gba kúérì á ti ilẹ̀kùn, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọrẹ lẹ lè yọ ọ́ nínú ìbẹ̀rù yìí, ìwé kan péré ló sì gbà. Ẹ pín ẹrù sí ọ̀nà méjì nínú ìwé náà. Ọ̀nà kìíní ni ohun àlòtán: kíréyọ̀n, pẹ́ńsù, kílínà, bébà, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé ẹ kò retí kí ìkankan nínú rẹ̀ ṣẹ́kù nígbà tí táàmù bá parí. Ọ̀nà kejì ni ohun tó gbọ́dọ̀ wà: sísọ́ọ̀sì, rúlà, ṣápúnà, búrọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀gá mú ọ̀kan, kí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ mú ọ̀kan, kí ẹ̀yin náà mú ọ̀kan, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tó bá ní ìwé yìí nínú fáìlì kò ní bẹ̀rù páálí òfìfo mọ́.

Ìgbà tí ẹ gbé e lọ náà ṣe kókó. Oṣù Keje ni ọ̀pọ̀ ń gbé ẹ̀bùn lọ, nítorí àríyá ìparí ọdún, nígbà tí kò ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé gba ìsinmi gígùn. Ẹrù á wà nínú yàrá títì lásìkò òjò, òrùlé á jò lé e, ikán á ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bá wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án tàbí ní Oṣù Kìíní ló dáa jù.

Ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ro apá yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni: olùtọrẹ á wọ ilé ìtajà, á ra ohun tó dùn ún wò, kò ní bi olùkọ́ kíláàsì léèrè. Ẹ bi í kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ọmọ mélòó ló ń wá lójoojúmọ́, ẹ yọ ti inú rẹ́jísítà kúrò? Ṣé wọ́n ní tábìlì, àbí orí itan ni wọ́n ti ń kọ̀wé? Ibo ni wọ́n ti ń pọn omi? Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún iṣẹ́ ọnà lórí táìmùtébù? Ìdáhùn wọ̀nyí ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà. Bí omi bá jìnnà, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ní táàmù yìí, kí ẹ ra kíréyọ̀n àti pẹ́ńsù aláwọ̀. Bí wọn kò bá ní tábìlì, ẹ fi owó ọ̀dà ra pílíwúùdù fẹ́lẹ́. Ọ̀kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, bí kámpẹ́ńtà bá gé e ní ínṣì 12 sí 16, pátákó 24 ló máa jáde láìṣẹ́kù. Mẹ́ta tó ọmọ 60, méjìlá á sì lé. Kí ó fi sáńpépà nu etí rẹ̀ o, èérún igi nínú àtàǹpàkò ọmọ kì í ṣe ẹ̀bùn.

Nínú ọ̀dà, acrylic ló ń tan olùtọrẹ jẹ jù. Ó dán, àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, àmọ́ bó bá ti gbẹ, ó ti di ike nìyẹn, omi kankan kò lè dá a padà. Búrọ́ọ̀ṣì tí ọmọ bá gbàgbé sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí tí agogo fi lù ti di igi lásán, aṣọ ilé-ìwé tó bá ta sí kò ní mọ́ mọ́, ìyá ọmọ á sì wá bá olùkọ́ lọ́jọ́ kejì. Pósítà kọ́lọ̀ ni kí ẹ rà, èyí tó ń fọ̀ pẹ̀lú omi. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì tàbí tọpẹntáìnì pò kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì ọmọdé, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ẹ kun ilẹ̀kùn ilé yín náà kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́; òmíràn nínú wọn ní òjé, ọmọdé sì ń la ìka. Lára kíréyọ̀n àti ọ̀dà tó ti òkè òkun wá, ẹ wá àmì AP: ó ń sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní májèlé. Fún ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì, kíréyọ̀n tó sanra ni, nítorí gbogbo ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú, tín-ín-rín á kán sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó ya orí èèyàn tán.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Pẹ́ńsù 100 láìsí ṣápúnà, ọ̀sẹ̀ méjì ni, bíléèdì ni àwọn ọmọ máa fi gbẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, ọwọ́ á sì gé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ máa kà ni odidi tí ẹgbẹ́ ọmọ kan máa lò pọ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ 60, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ 12, ọmọ márùn-ún márùn-ún. Inú àpò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: pẹ́ńsù mẹ́fà, kílínà méjì, ṣápúnà kan, kíréyọ̀n alàwọ̀ 12 páálí kan, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, àkísà kan, àti ìdí ike omi tí a gé. Àpapọ̀ pẹ́ńsù jẹ́ 72, dọ́sìn mẹ́fà gééré, dọ́sìn náà sì ni wọ́n ń tà ní Agbeni. Ẹ wo orí pẹ́ńsù kí ẹ tó sanwó. Bí ohun dúdú tó ń kọ̀wé nínú rẹ̀ kò bá wà láàárín gan-an, ṣápúnà á máa jẹ igi lápá kan, ẹnu rẹ̀ kò ní mú. Èyí tó ń kán léraléra bí ẹ ti ń gbẹ́ ẹ sábà máa ń jẹ́ èyí tó ti ṣubú lulẹ̀ rí, tí inú rẹ̀ ti fọ́ síwẹ́wẹ́; kò sí ṣápúnà tó máa wo ìyẹn sàn. Olùkọ́ ló ń ka àpò kí àwọn ọmọ tó jókòó, ó tún ń kà á kí wọ́n tó dìde. Bí ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ bá ti ń ṣe olórí àpò, kílínà kì í sọnù bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bébà ló ń kọ́kọ́ tán, òun náà ló sì ń kéré jù nínú ẹ̀bùn. Rììmù A4 kan ní ẹyọ 500, ó dáa fún pẹ́ńsù àti kíréyọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀, onígíráàmù 80, bí omi ọ̀dà bá kàn án, á ká kò. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá gba ojú kan lẹ́ẹ̀mẹta, á ya. Kádíbọ́ọ̀dù ló lè gba ọ̀dà. Èyí tí wọ́n ń tà kiri jẹ́ ínṣì 22 sí 28. Ẹ ká ìbú 28 sí mẹ́rin, kí ẹ ká 22 sí méjì, ẹ gé e: ẹyọ mẹ́jọ, ínṣì 7 sí 11 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kádíbọ́ọ̀dù mẹ́jọ fún iṣẹ́ kan jẹ́ ẹyọ 64, mẹ́rin á wà fún ọmọ tó bá ba tirẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ mẹ́wàá ní táàmù kan, kádíbọ́ọ̀dù 80 nìyẹn. Iye yìí ló yẹ kó wà lórí ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọ̀ kíréyọ̀n. Ẹ tún yà lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, kí ẹ bẹ̀ wọ́n ní àgékù bébà. Ohun tí wọ́n ń kó dànù ló tó ọmọ kan í fi dán ọwọ́ wò.

Ní ti àlòkù tí àwọn ará wa ń kó ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì í kí ẹ tó gbé e lọ. Máákà, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan fa ìlà gígùn kan lórí bébà. Èyí tó bá parẹ́ kí ìlà tó dé òpin, ẹ yà á sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ oní-omi, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ dán an wò lọ́jọ́ kejì. Òmíràn á jí. Èyí tí kì í ṣí kúrò lára nǹkan, spirit ni wọ́n fi ń jí i, ilé yín sì ni kí ẹ ti ṣe é. Ọ̀dà tó bá ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù. Pósítà kọ́lọ̀ tó gbẹ nínú ìgò lè rọ̀ bí ẹ bá bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i kí ó sùn mọ́jú. Kíréyọ̀n tó ti kán kò bàjẹ́ rárá, ẹ kó o sínú agolo, àwọn ọmọ ò bìkítà. (Bí ẹ bá máa ya fọ́tò, ẹ ya tábìlì àti ẹrù. Kí ọmọ tò sínú oòrùn kó gbé páálí kíréyọ̀n sókè fún wákàtí kan kò fi kún ẹ̀bùn náà.)

Lórí ìpamọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Abẹ́ páànù tí kò ní sílìn, orí pẹpẹ tó ga jù ló ń gbóná jù láti Oṣù Kejì sí Ìkẹrin, kíréyọ̀n á rọ̀ níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra wọn. Ilẹ̀ sì ni ti ikán. Kíréyọ̀n ní ìsàlẹ̀ nínú agolo tó ní ìdérí nítorí eku, bébà ní àárín, kó jìnnà sí ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì, omi tútù àti ọṣẹ, ẹ fi ìka tún ẹnu rẹ̀ ṣe, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Bó bá fi irun dúró nínú agolo omi mọ́jú, irun náà á wọ́, gọ́ọ̀mù tó dì í mú á rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Bó pẹ́ bó yá, ọdún eégún á tán, ọmọ alágbàá á fi owó ra àkàrà jẹ. Ẹ̀bùn yín náà á tán, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùkọ́ mọ ohun tó lè ṣe láìsí yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ní wákàtí kan lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ẹrù wá, kí ẹ jọ ṣe é. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kíláàsì kò kọ́ iṣẹ́ ọnà, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ.

Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sítáàṣì inú ìdajì ife omi tútù, ẹ rò ó kó má ní kókó. Ẹ da ife méjì omi tó ń hó lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí á fi dán. Bí kò bá dán, iná kò tó, ẹ gbé e padà ka iná. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan kì í jẹ́ kó tètè kan, síbẹ̀ ọjọ́ méjì ni mọ. Gọ́ọ̀mù kan náà ni kí ẹ fi po ìyẹ̀fun àwọ̀: èyí tí wọ́n fi omi lásán pò sábà máa ń hó kúrò lórí bébà bó bá ti gbẹ. Ẹfun, osùn àti èlú wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá lékúlẹ́jà, ẹ lọ̀ wọ́n kúnná kí ẹ tó pò wọ́n mọ́ ọn. Bí búrọ́ọ̀ṣì kò bá tó, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn aládìrẹ fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ fi àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn han àwọn ọmọ, òpó gbọ̀ngàn Mapo àti ṣíbí wà lára ohun tí wọ́n tò sínú rẹ̀. Pẹ́ńsù kan àti ẹyọ kádíbọ́ọ̀dù kan tó fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú 40 lórí ìyẹn.

Èédú ìyàwòrán kò gbówó rárá. Ẹ gé ẹ̀ka igi gbígbẹ tó tó pẹ́ńsù ní sísanra, kó gùn tó ìka, kí ẹ bó èèpo rẹ̀. Ẹ tò ó pinpin sínú agolo irin tó ní ìdérí, ẹ fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí náà, kí ẹ gbé e sáàárín iná. Èéfín á máa jáde níbi ihò. Bí kò bá jáde mọ́, ó ti jinná. Ẹ gbé e kúrò, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí i, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá kan èédú gbígbóná, á gbiná lójú yín, eérú nìkan lẹ máa bá nínú agolo. Àgbà ni kó ṣe èyí, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde.