Script tó ń to àṣẹ tẹ̀lé ara wọn kì í ṣe build system

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń jíròrò lórí iṣẹ́ tuntun kan, ọ̀dọ́kùnrin tí a jọ ń kọ kóòdù wò mí lójú, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni a tún fẹ́ fi Makefile ṣe láyé òde òní? Ẹ jẹ́ ká to gbogbo àṣẹ gcc sínú script kan, ká pè é ní build.sh, ó parí." Makefile ni fáìlì tí a ti ń sọ fún make, irinṣẹ́ tí ń kọ́ ètò jọ (èyí tí à ń pè ní build system), ohun tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbára lé; gcc ni ó ń kọ́ńpáìlì kóòdù C, ìyẹn ni pé ó ń yí i padà sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe; script sì ni fáìlì tí a to àṣẹ sí kí kọ̀ǹpútà máa ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tún un sọ sí mi létí pé script tó ń to àṣẹ tẹ̀lé ara wọn ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù, tí ó sì dájú jù, láti kọ́ńpáìlì iṣẹ́, nítorí pé ohun gbogbo hàn gbangba níbẹ̀, àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti máa ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́, ó sì ti sú mi láti máa fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Ká ní iṣẹ́ wa ní fáìlì mẹ́ta tí a kọ ní èdè C: main.c, owo.c àti iroyin.c. Fáìlì kẹrin kan tún wà, tabili.h, tí owo.c àti iroyin.c ń lò, tí a kì í sì fi ọwọ́ kọ: tabili.py, tí a kọ ní Python, ni ó máa ń ka iye owó láti inú àkọsílẹ̀ kan, tí yóò sì kọ tabili.h jáde nígbà tí ó bá kà á tán. Nínú build.sh, ìlà kìíní ni python3 tabili.py, ìlà mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ń fi gcc kọ́ńpáìlì fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìlà karùn-ún ń so àwọn fáìlì .o tí gcc kọ jáde pọ̀ di ètò kan, ìlà ìkẹyìn sì ni echo "Ó ti parí". Ẹnìkan wá ṣe àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ iye owó, ó sì ṣèèṣì tẹ lẹ́tà O síbi tí ó yẹ kí òdo wà. Tabili.py ń kà á lọ, ó kọsẹ̀ lórí lẹ́tà náà, ó da àṣìṣe rẹ̀ sójú terminal, ó sì dáwọ́ dúró láìkọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n tabili.h ti àná ṣì wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀lì, tí ó ń ka script náà, kò bìkítà pé ìlà kìíní kùnà, ó bọ́ sí ìlà kejì. Gcc rí tabili.h ti àná, kò sì sí bí ó ṣe lè mọ̀ pé ti àná ni. Ó kọ́ńpáìlì owo.c, ó sọ ìkìlọ̀ bíi mélòó kan bí ó ti máa ń sọ, ìkìlọ̀ wọ̀nyẹn sì ti àṣìṣe Python kúrò lójú terminal. Ní ìparí, "Ó ti parí" jáde. Nítorí pé echo kò kùnà, script náà fúnra rẹ̀ fi òdo jíṣẹ́ fún ẹni tí ó rán an, ìyẹn ni pé gbogbo nǹkan lọ dáadáa.

Mi ò kàn ń ro èyí lọ́kàn. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, script irú èyí ni a ń lò, a sì fi ètò kan tí a rò pé a ti ṣàtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà. Oníbàárà ní iye tí ó rí kò yí padà. Mo jókòó ti kóòdù náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìwé àti bírò ṣe ìṣírò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tọ̀nà. Ó tọ̀nà nítorí pé kóòdù tí mo ń kà kọ́ ni ó wà nínú ètò tí a fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo tún script náà ṣe, tí mo sì yí ojú terminal padà sókè láti wo ohun tí ó ti kọjá, ni mo rí ìlà pupa kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tí ó kà á.

Tí mo bá sọ èyí tán, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé kí n fi set -e sí orí script, pé yóò máa dúró bí àṣẹ kan bá kùnà. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dán set -e wò tó. Bí o bá fẹ́ tọ́jú ohun tí gcc sọ, tí o wá kọ gcc -c owo.c 2>&1 | tee ijabo.txt, àbọ̀ tí ṣẹ́ẹ̀lì ń wò ni ti tee, àṣẹ tí ó kàn ń kọ ohun tí ó gbà sínú fáìlì, tee kò sì kùnà; gcc lè ṣubú lulẹ̀ kí script máa bá tirẹ̀ lọ, àfi tí o bá tún rántí fi set -o pipefail kún un. Bí o bá pe iṣẹ́ kan lábẹ́ if, tàbí ní iwájú &&, set -e kò ní dá a dúró níbẹ̀. Nígbà tí script bá wá ń falẹ̀, ẹnìkan yóò fi àmì & sí ẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì kọ wait sí ìsàlẹ̀. Wait tí a kò fún ní orúkọ iṣẹ́ kankan máa ń dá òdo padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ tí ó ń dúró dè ni ó kùnà. Irú àtúnṣe báyìí ni yóò máa gun orí ara wọn títí script tí a ní ó rọrùn yóò fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Make kò nílò èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí: bí tabili.py bá kùnà, make dúró, kò fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó gbára lé tabili.h, ó sì sọ orúkọ fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí o bá tẹ Ctrl-C nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó máa ń pa fáìlì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí rẹ́, kí a má baà ṣì í mú fún èyí tí ó pé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé script dájú nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti máa ń tún gbogbo nǹkan ṣe. Òótọ́ ni, ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà tí fáìlì mẹ́ta bá di ọgọ́rùn-ún, tí títún gbogbo rẹ̀ ṣe sì ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan fún lẹ́tà kan tí a yí padà, àwọn tí ń lo script náà kì í fara dà á. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi àmì # sí iwájú ìlà tí wọ́n gbà pé kò kàn wọ́n lónìí. Mo ti rí build.sh tí # wà níwájú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìlà rẹ̀, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ ẹni tí ó fi wọ́n síbẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ènìyàn ti di build system fúnra rẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó fi ń ṣírò ohun tí ó gbára lé ohun mìíràn, orí ènìyàn sì máa ń gbàgbé.

Ìjìyà rẹ̀ nínú èdè C kò kéré. Ká ní struct kan, ìyẹn àkójọ dátà tí a tò tẹ̀lé ara wọn, wà nínú onibaara.h tí ó ní nọ́ńbà oníbàárà àti gbèsè rẹ̀, int (nọ́ńbà odidi) ni àwọn méjèèjì. Mo fi ọjọ́ orí, tí òun náà jẹ́ int, sí àárín wọn. Mo tún owo.c kọ́ńpáìlì, ṣùgbọ́n # wà níwájú ìlà iroyin.c, nítorí náà iroyin.o ṣì ń rántí struct àtijọ́. Mo so wọ́n pọ̀, linker, tí ó ń so àwọn fáìlì .o pọ̀, kò sì sọ nǹkan kan, nítorí pé orúkọ nìkan ni ó ń wò nínú èdè C, kì í wo bí struct ṣe rí nínú. Owo.c kọ ọjọ́ orí sí ibi tí iroyin.c ti ń wá gbèsè. Ìròyìn jáde pé oníbàárà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 41 jẹ gbèsè 41. Ètò náà kò kú, kò pariwo. Ó kàn ń parọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gcc fúnra rẹ̀ mọ gbogbo fáìlì .h tí ó ṣí. Fi -MMD kún àṣẹ rẹ̀, yóò kọ orúkọ wọn, yàtọ̀ sí àwọn tí ó jẹ́ ti system, sínú fáìlì .d kan ní ẹ̀gbẹ́ fáìlì .o, ní ọ̀nà tí make lè kà. Ìlà kan péré nínú Makefile tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú -include ni yóò kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, bí onibaara.h bá yí padà, gbogbo ohun tí ó gbára lé e ni a óò tún kọ́ńpáìlì, ohun tí kò gbára lé e yóò sì dúró sí ipò rẹ̀. Nítorí pé make mọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun mìíràn, -j8 á jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà láìda ètò rú. Script kò mọ̀, nítorí pé a kò sọ fún un rí. Àṣẹ nìkan ni a fún un.

Ohun tí ó ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n ń pe make ní ohun àtijọ́, wọ́n sì ń pe script ní ọ̀nà tuntun. Script ni ó ṣáájú. Kí make tó dé, script ṣẹ́ẹ̀lì ni àwọn tí ń lo Unix, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, máa ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kóòdù wọn. Ní 1976, ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Stephen Johnson, ẹni tí ó kọ Yacc, irinṣẹ́ kan tí a fi ń ṣe kọ́ńpáílà, já wọ yàrá iṣẹ́ Stuart Feldman tìbínú-tìbínú, nítorí pé ó ti fi òwúrọ̀ kan gbáko wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe mọ́: ó ti tún kóòdù rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ńpáìlì fáìlì náà, .o àtijọ́ ni a sì so pọ̀. Irú ìyọnu kan náà ni Feldman ti bá yí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó kọ make, ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Software System Award lórí rẹ̀ ní 2003. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, ọjọ́ tí mo fi ìwé àti bírò ṣòfò ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Àìsàn tí a ti rí oògùn rẹ̀ láti 1976 ni wọ́n ń pè ní ìlera.

Wọ́n á ní àmì tab tí ó gbọ́dọ̀ wà níwájú àṣẹ inú Makefile ń bí àwọn nínú. Ó ń bí èmi náà nínú. Ẹ jẹ́ kí olóòtú kóòdù yín máa fi í hàn yín, kí a sì gba ibòmíràn lọ. Wọ́n á ní Godot, ètò tí wọ́n fi ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, script Python ni ó fi ń kọ́ńpáìlì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n SCons, build system kan tí a kọ ní Python, ni script yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Ìlà kan nínú SConstruct, fáìlì tí SCons ń kà, tí ó sọ pé Program kì í pe gcc lójú ẹsẹ̀. Ó ń ṣàpèjúwe ohun tí a fẹ́ àti ohun tí a óò fi ṣe é, lẹ́yìn tí SCons bá sì ti mọ ẹni tí ó gbára lé ẹni ni ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe gcc. Ó tilẹ̀ máa ń wo ohun tí ó wà nínú fáìlì dípò àkókò tí a ṣàtúnṣe rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí .o tuntun bá bá ti àtijọ́ mu délẹ̀, kò ní tún nǹkan kan so pọ̀. Nítorí náà, èmi kò ní ìjà pẹ̀lú script. Kọ ọ́ ní Python, kọ ọ́ ní èdè tí ó bá wù ọ́, bí ó bá ṣáà ti ń sọ ohun tí ó gbára lé ohun mìíràn. Ninja, build system mìíràn, náà rí bẹ́ẹ̀. Evan Martin kọ ọ́ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Chrome, tí fáìlì rẹ̀ lé ní 30,000, níbi tí àwọn irinṣẹ́ yòókù ti ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe sí fáìlì kan ṣoṣo. Ti Ninja kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo gbà pé ibì kan wà tí àṣẹ kan ṣoṣo ti tó: SQLite, ètò tí a fi ń tọ́jú dátà, ń fi fáìlì C kan tí ó lé ní 200,000 ìlà ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn, gcc kan péré sì ni ó nílò. Mo sì gbà pé make kì í fúnra rẹ̀ mọ̀ bí a bá yí àwọn àmì tí a fún gcc padà, àfi bí a bá kọ ọ́ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn bi mí, a jókòó, a kọ Makefile náà pọ̀. Kò ju ìlà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo ní kí ó yí iye kan padà nínú àkọsílẹ̀ iye owó. Make pe tabili.py, ó tún owo.c àti iroyin.c kọ́ńpáìlì, ó fi main.c sílẹ̀, ó so wọ́n pọ̀. Ó tún tẹ make, make sì dá a lóhùn pé kò sí ohun tí ó kù láti ṣe. Mo wá ní kí ó fi lẹ́tà O rọ́pò òdo kan. Ìlà tí ó kẹ́yìn lójú terminal ni make: *** [Makefile:9: tabili.h] Error 1, gcc kò sì jí rárá. Ó wo ìlà náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Makefile yẹn ránṣẹ́ sí mi," ó sì pa build.sh rẹ́ lójú mi.