Póókà kì í ṣe owó oṣù

Àbúrò, o ní ẹni tó bá ti mọ ìṣirò, owó oṣù ni póókà, eré káàdì tí wọ́n fi ń ta owó, kí àwọn ọmọ Tanke ní Ìlọrin fi ilé-ìwé sílẹ̀. Rárá o. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Ace méjì, káàdì méjì tó dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ló máa ń kàn ẹ́; tó bá sì pàdé King méjì, ó ṣì ń pàdánù ní bíi ìgbà 18 nínú 100. Ẹni tó ni tábìlì ńkọ́? Ẹni yòówù tó jẹ, onítábìlì á yọ tiẹ̀ nínú owó náà.

Mo ta póókà fún oṣù mẹ́jọ ní Gàá-Akanbi. Oṣù kẹta, mo ra jẹnẹrétọ̀ (ará ilé ń pè mí ní ọ̀gá!); oṣù karùn-ún, mo gbé e lọ tà, mo fi san owó ilé. N ò tíì ka owó dátà tí mo fi ń ta póókà mọ́ ọn.