Èsì wa sí Bàbá Ìbejì tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí 4Runner 1999

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ kú ìfaradà pẹ̀lú.

Mo ka ohun tí ẹ kọ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbé e síta, mo tún un kà láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ara mi ti balẹ̀. Fún àwọn tí kò tíì rí i: Bàbá Ìbejì ra Toyota 4Runner 1999 ní stand wa ní Ìwó Road, Ìbàdàn. Wọ́n ní a sọ fún àwọn pé ọkọ̀ náà kò fẹ́ nǹkan kan ju epo lọ, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti gbowó lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta: timing belt tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, ball joint tó jẹ́ oríkèé ẹsẹ̀ iwájú, àti radiator. Wọ́n ní ó ń mu epo bí ọ̀mùtí. Wọ́n ní mékáníìkì wọn sọ pé a mọ gbogbo rẹ̀ kí a tó tà á. Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni pé wọ́n gbé táyà ńlá mẹ́rin wá pé ká bá àwọn dè é sí i, a sì kọ̀. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran, torí ẹ ṣì rántí kọ ọ́ pé AC rẹ̀ tutù, ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba èyí tó jẹ́ tiwa. Ọmọ tó ń bá mi ta ọkọ̀ ló sọ fún yín pé "ẹ gbé e, kẹ́ ẹ máa wà á lọ." Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 25, tí máìlì ojú rẹ̀ ti di 187,000, kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n kàn ń gbé tí wọ́n ń wà lọ. Owó tí ó máa jẹ lóṣù méjì àkọ́kọ́ wà lára owó tí èèyàn rà á, ẹnu wa ló sì yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe ẹnu mékáníìkì.

Ohun kejì, a fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ẹ tó wá wò ó. Gbogbo wa tó wà nídìí òwò yìí la máa ń ṣe é, a máa ń ní kó lè mọ́ lójú ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti fọ̀ kì í jẹ́ kí oníbàárà rí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Gasket tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì yín ń jò díẹ̀díẹ̀ lápá ọ̀tún. Ká ní a ò fọ̀ ọ́ ni, ẹ̀yin fúnra yín ì bá ti fi ìka kàn án. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ti jáwọ́ nínú fífọ ẹ́ńjìnnì ní stand wa. Bó ṣe wá la ó ṣe tà á, teruku teruku.

Ní ti pé a mọ̀ nípa timing belt, rárá, a ò mọ̀. Ẹni tó tà á fún wa kò ní ìwé àtúnṣe kankan lọ́wọ́. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀bi wa, torí ọkọ̀ tí kò bá ti ní ìwé, ṣe ló yẹ kéèyàn kà á sí èyí tí wọn ò pààrọ̀ belt rẹ̀ rí. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.4 tó wà nínú rẹ̀, bẹ́líìtì onírọ́bà ló ń bá a yí, kì í ṣe ṣéènì, Toyota sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 90,000 máìlì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ parí ní 90,000, èyí tó tẹ̀ lé e parí ní 180,000, tiyín sì wà ní 187,000. Oore kan tí ẹ́ńjìnnì yìí ní ni pé bí belt bá tilẹ̀ já, ó máa kú ni, àwọn irin inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní valve àti piston kì í kọlu ara wọn. Àmọ́ ẹni tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ lọ́wọ́ lóru láàárín Ògèrè sí Ìbàfò kò ní rántí dúpẹ́ oore yẹn.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá mékáníìkì yín jà díẹ̀ nìyí. Ó tú gbogbo iwájú ẹ́ńjìnnì, ó pààrọ̀ belt nìkan, ó dá water pump àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká, padà síbẹ̀. Belt yẹn kan náà ló ń yí water pump. Lọ́jọ́ tí pump bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, gbogbo ohun tó tú ló máa tún tú, owó iṣẹ́ tí ẹ san lẹ máa tún san. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ bá yín dín owó kù ni. Ẹ má bá a bínú, ṣùgbọ́n ẹ bi í.

Ball joint kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ó gba ìbẹ̀rù. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìwúwo ọkọ̀ máa ń ti orí ball joint ìsàlẹ̀ wọnú ihò rẹ̀ ni. Lórí 4Runner yín, ṣe ni ìwúwo ń fà á yọ. Bó bá ti gbó, kò sí ohun tó tún dì í mú. Lọ́dún 2005, Toyota pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí ball joint iwájú, 4Runner 2001 àti 2002 wà nínú wọn. Ti 1999 kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Mo ti rí ọ̀kan tó já ní Òjóò: táyà ọ̀tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, fẹ́ńdà wà nílẹ̀, onímọ́tò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló fi yẹ kí inú yín dùn sí owó tí ẹ ná lórí ball joint ju èyí tí ẹ ná lórí nǹkan mìíràn lọ. Ẹ sọ pé apá òsì nìkan lẹ ṣe. Ẹ ṣe ọ̀tún náà. Tí ẹ bá sì dé ọjà Araromi ní Gate, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Belgium, ìyẹn àlòkù òkè òkun, fún yín. Nǹkan mìíràn wà tí mo lè ra Belgium rẹ̀, ilẹ̀kùn, díńgí, àní jíà pàápàá. Ball joint kò sí nínú wọn.

Wàyí o, radiator. Ẹ kọ ọ́ pé ó bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́nà Ifẹ̀, lẹ́bàá Aṣèjíre, pé èéfín bo iwájú ọkọ̀ tí àwọn ìbejì sì ń ké. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣe é dáadáa bí ẹ ṣe pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó máa ń ní "ó kù díẹ̀ ká dé Ìkirè" ló ń padà wá ra top gasket, èyí tó máa ń jó bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù. Mo wo radiator náà lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá. Ike orí rẹ̀, tó yẹ kó dúdú, ti pọ́n, ó sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ibi tí hose ti wọlé. Ike radiator tó bá ti pọ́n báyẹn, ọjọ́ ló ń kà. Odidi oṣù kan ni ọkọ̀ yẹn fi wà níwájú wa, a fọ̀ ọ́, a ya fọ́tò rẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ike.

Àmọ́ Bàbá Ìbejì, síta ló bẹ́ sí, kò bẹ́ sínú. Nínú ìsàlẹ̀ radiator yẹn, ọ̀nà kan wà tí gear oil ń gbà kọjá kó lè tutù. Omi wà lóde rẹ̀, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló pààlà sí wọn láàárín. Bí irin yẹn bá dípẹtà lẹ́yìn ogún ọdún tó sì lu, omi á wọnú jíà. Èyí tó ṣe tèmi nìyẹn. 4Runner 1997 ni, mo ti ń wà á bọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Mọ́níyà, mo fà á sí D, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gear oil yọ, mo nù ún sórí ìwé funfun. Gear oil tó dáa máa ń pupa, ó sì máa ń mọ́ gaara. Ohun tó wà lórí ìwé yẹn dà bí sóbò tí ọmọdé da mílíìkì sí, tòun ti ìfófòó. Mo wo inú radiator, sóbò náà ló wà níbẹ̀. Omi á tú nǹkan tó lẹ̀ mọ́ àwọn awo inú jíà, lẹ́yìn ìyẹn kò sí fífọ̀ tó lè gbà á là. Jíà odindi ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi ń kí mi ní "ọ̀gá mi" títí dòní.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún ọkọ̀ yìí, cooler jíà kékeré tó dá dúró ni kó jẹ́ àkọ́kọ́. Iwájú radiator ni wọ́n ń dè é mọ́, gear oil á máa gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní í dé inú radiator mọ́ láéláé. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rù pé ọ́ìlì á tutù jù nígbà òtútù. Ọyẹ́ tiwa kò tíì dé bẹ́ẹ̀.

Epo tó ń mu. Nígbà tí a tú radiator, a fọwọ́ kan ilé thermostat, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, òfìfo la bá. Ẹnìkan ti yọ ọ́ dànù, a ò mọ ẹni náà, a sì tún jẹ̀bi pé a ò wò ó. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá mékáníìkì máa ń sọ: "ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀." Ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á máa rò pé àárọ̀ ló ṣì wà, á máa da epo sí i bí ẹni ń fi oúnjẹ gba àlejò. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo, ta ló lágbára ìyẹn? Thermostat tuntun ti wà nínú rẹ̀ báyìí, coolant pupa la sì rọ sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi dí i o. Plug mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà ti gbó, ẹ pààrọ̀ wọn tí owó bá wà.

Lórí táyà, a ò kábàámọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé a kọ̀ nítorí pé àwa kọ́ la tà á fún yín. Ìwọ̀n tó wà lórí ọkọ̀ yín ni 265/70R16. Èyí tí ẹ gbé wá jẹ́ 285/75R16. Ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àti ààbọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á máa ha ara fẹ́ńdà nígbàkúùgbà tí ẹ bá ṣẹ́rí, nígbà tí ojú díáàlì bá sì ní 100 lẹ ń sá, 107 lẹ ń sá gan-an. Ball joint tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, òun náà ló máa gbé ìwúwo yẹn. Pẹ̀lú búrẹ́ẹ̀kì ẹ̀yìn onídúrọ́ọ̀mù tí ẹ kò tíì tú wò láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á!

Gbogbo ìyẹn ì bá ṣì ṣeé sọ, ká jọ dúnàádúrà. Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé rárá ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT rẹ̀, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì hàn yín lọ́jọ́ náà, bóyá inú tó ń bí yín ni kò jẹ́ kí ẹ kà á: 2313. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2013. Ojú rẹ̀ nípọn, wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn ún, ó ń dán, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Mi ò lè de irú rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí ìbejì máa jókòó sí, kí n sì máa rò pé owó iṣẹ́ mi ni mo gbà. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ ra 265/70R16 tuntun, kódà bó jẹ́ méjì méjì. Iná gbọọrọ tí ẹ bèèrè pé ká so sórí rẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀ ná, ojú àwọn tó ń bọ̀ níwájú ló máa ń fọ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí, mo sì kọ ọ́ sí gbangba kí ẹnikẹ́ni lè fi mú wa. A ó dá ìdajì owó radiator padà fún yín. Thermostat àti coolant, ẹ ò san kọ́bọ̀ lórí wọn. Tí ẹ bá ra cooler jíà, a ó bá yín dè é láìgba owó iṣẹ́. Gasket tó ń jò yẹn, àwa la ó rà á, àwa la ó sì fi sí i, torí àwa la fi ọṣẹ bò ó mọ́lẹ̀. Timing belt àti ball joint, a ò ní san nǹkan kan lórí wọn, ohun tí ọkọ̀ ń lò tán ni wọ́n, bíi bàtà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìràwọ̀ méjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn kò yí ohunkóhun padà nínú èyí tí mo kọ.

Láti oṣù yìí, ọkọ̀ àgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wà ní stand wa, ìwé kan máa wà lójú gíláàsì rẹ̀ tí a kọ ohun tí a mọ̀ pé ó máa fẹ́ sí: belt, ike radiator, àwọ̀ gear oil, ball joint, ọjọ́ orí táyà. Ọmọ tó bá yín sọ̀rọ̀ ló ń kọ ọ́. Èyí tó kọ́kọ́ kọ gùn débi pé oníbàárà náà lọ ra ọkọ̀ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rọ̀ wá lọ́rùn jù, kí ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó ṣí radiator o. Fèrèsé ẹ̀yìn tí ẹ ní àwọn ìbejì ti fi swítìṣì rẹ̀ ṣeré títí tí kò fi sọ̀kalẹ̀ mọ́, ẹ gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ ní ihò tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ yí i kí ẹ sì dì í mú. Tó bá sọ̀kalẹ̀, swítìṣì ló bàjẹ́. Tí kò bá sọ̀kalẹ̀, ẹ má fi tipá fà á, ẹ gbé e bọ̀.