Ẹ Kọ́kọ́ Sọ Ìwé Tó Já Yín Kulẹ̀ fún Mi Ná

Ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń là, àwọn ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ọdọọdún: "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni kí n kà nínú ìsinmi Kérésì yìí?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Ìdáhùn rẹ̀ ni n kò fẹ́ràn. Bí ẹ bá bi ogún ènìyàn, ìwé mẹ́ta kan náà ni wọ́n á dárúkọ, gbogbo ẹ̀ ló sì "dùn gan-an". Ta ló wá ń ka èyí tí kò dùn? Àbí èmi nìkan ni mò ń kó sọ́wọ́ ìwé burúkú ní gbogbo Èkó?

Lọ́dún tó kọjá, arákùnrin kan níbi iṣẹ́ wa ní dandan ni kí n ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn. Láti 1938 tí Fágúnwà ti gbé e jáde ni wọ́n ti ń kà á, Ṣóyínká sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ṣùgbọ́n èmi ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ni mo bá ní kí n tọ́ ọ̀gbẹ́ni wò díẹ̀. Mo ní, "Kí tiẹ̀ lorúkọ ọdẹ yẹn ná?" Ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní, "Àǹtí, igbó yẹn ṣáà ni mo rántí." Igbó! Igbó tí wọ́n kọ gàdàgbà sí èèpo ìwé! Ọkùnrin yìí kò bá Àkàrà-ògùn pàdé rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ kiri ọ́fíìsì pé ẹni tí kò bá tíì ka ìwé náà kì í ṣe ọmọ káàárọ̀-oò-jíire.

Látọjọ́ náà ni mo ti ṣòfin fún ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ júwe ìwé fún mi, kó kọ́kọ́ sọ èyí tó jù sílẹ̀ láìkà á tán, kó sì sọ ibi tó ti sú u. Ẹni tó bá lè sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ó dájú pé ó tọ́ ọ wò. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí kò lè fara da ìtàn ìfẹ́ rárá, ara rẹ̀ máa ń rin ín bí wọ́n bá ti ń wo ojú ara wọn. Lọ́jọ́ tó pè mí láàárín òru pé òun ń sunkún nítorí ìtàn ìfẹ́ kan, n kò bèèrè iye rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rà á.

Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀, kó má di pé mò ń pe ẹlòmíràn sí ijó tí n kò lè jó. Ní oṣù kọkànlá, mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àtààbọ̀ náírà ra ìwé ìtàn Yorùbá tuntun kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Èèpo rẹ̀ ń dán, bébà rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, gbogbo ayé ló ń yìn ín. Mo ṣí i, kò sí àmì ohùn kankan, kò tiẹ̀ sí kíún lábẹ́ lẹ́tà. Gbólóhùn kan wà ní orí kejì: "Obinrin naa ta oko re." Mo dúró. Ṣé oko ló tà ni, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀? Àbí ọkọ rẹ̀ gan-an? Ojú ìwé mẹ́fà ni mo kà síwájú kó tó yé mi pé mọ́tò ni. Ká sòótọ́, ó dùn mí díẹ̀, torí ká ní ọkọ ló tà ni, ìtàn náà ì bá tún ládùn.

Mo mọ̀ pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé. Bébà tí ìjọba torí ẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Jẹ́bà àti Ìwópin, òkè òkun la ṣì ti ń rà á, dọ́là sì mọ bó ṣe ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n òkè òkun kọ́ ni wọ́n ti ń kó àmì ohùn wá.

Èyí tí mo wá lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ni Àjà Ló Lẹrù, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969. Lápàdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ni ẹ ó máa tọ̀ lẹ́yìn níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo mọ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ lójú tèmi: ìjà pọ̀. Níbi ìjà kejì, mo máa ń fò ó. Ẹ ti gbọ́.

Ó ku ti ọjà ọ̀pọ̀. Ẹ fi àwọn tó ń lẹ "ẹ̀dínwó ọdún" mọ́ ara ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ lọ sí Ojúẹlẹ́gbà, níbi tí wọ́n ń to ìwé tókùnbọ̀ sórí àpò nílẹ̀. Ẹ lọ nígbà tí Kérésì bá ku ọjọ́ méjì, nígbà tí oníwèé ń wá owó ọkọ̀ tó máa gbé e relé. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí a jọ máa ń ṣe é.

"Bàbá, ẹ kú ọjà o. Eélòó lèyí?"

"Ìyàwó mi, mú ẹgbẹ̀rún méjì wá."

"Ìwé tí eku ti jẹ létí yìí? Ẹ gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

"Eku náà mọ ìwé gidi ni."

A parí rẹ̀ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Wọ́n tún fún mi ní èènì, ìwé ìdáná àwọn òyìnbó kan tó kún fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí à ń gbà se pọ̀tétò, kò sì sí ọ̀kankan tí wọ́n fi ata sí.

Ìwé tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kérésì tó kọjá yẹn ni Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ti Kọ́lá Akínlàdé. Mo kà á ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, báńgà ń dún gbàgà níta, n kò gbọ́. Mo ti fura sí ènìyàn mẹ́rin, mo ti dá mẹ́ta sílẹ̀, mo ṣí ojú ìwé tó kàn, kò sí. Wọ́n ti fa ìparí rẹ̀ ya mọ́ ẹ̀yìn. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi dì ẹ̀pà. Ta ló pa ọmọ ọba? Ẹlẹ́pà ló mọ̀.

Mo gbé e dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ̀gbọ́n màámi ọkùnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi dárúkọ ẹni tó pa á. Àbúrò màámi kígbe láti ìdí ààrò pé irọ́ ni, pé "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti gbàgbé, àwa ṣe ìwé yẹn nílé ìwé!" Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ìrẹsì jóná nísàlẹ̀, kò sí ẹni tó bojú wò ó. Títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn kò gbà fún ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan ní Adó-Èkìtì ya fọ́tò ojú ìwé tó sọnù ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló gbà á. N kò tíì sọ fún wọn. Kérésì tún ti dé tán, a ó tún jọ wà nílé.