Kọ́pì lásán kò lè gbé Windows lọ sórí SSD

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí èèyàn kàn kọ́pì gbogbo ohun tó wà nínú C, ìyẹn ìpín dísìkì tí Windows wà, sórí SSD tuntun, ìyẹn dísìkì tó yára ju ti àtijọ́ lọ, pé Windows á ṣí: ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò yín á dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní rí ohun tí yóò fi gbéra.

Inú C kọ́ ni ohun tó ń jí Windows wà. Ẹ ṣí Disk Management, irinṣẹ́ Windows tó ń fi àwọn ìpín dísìkì hàn, lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ẹ ó rí ìpín kékeré kan tí wọ́n kọ EFI sí lára; ibẹ̀ ló wà. Ó sábà máa ń jẹ́ 100 MB péré, kò sì ní lẹ́tà kankan, ìyẹn ni ojú yín kì í fi í tó o. Àwọn fáìlì tí Windows ń lò lọ́wọ́ pàápàá kì í gbà kí a kọ́pì wọn.

Ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì lódindi, bíi Clonezilla, ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú iṣẹ́ yín síbòmíràn. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: bí ẹ bá ṣi dísìkì mú, tí ẹ da èyí tó ṣófo lé èyí tó kún, ohun gbogbo lọ nìyẹn! Ẹ wo orúkọ àti ìwọ̀n wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS, ìyẹn ibi ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí, kí ẹ gbé SSD síwájú nínú àwọn dísìkì tí kọ̀ǹpútà ń gbéra láti orí wọn.